Nílé Omi Dídì

Iṣẹ́ tèmi ò ju kí n fi ayùn gé omi dídì sí méjì,
kí n wọ́n èérún pákó lé e, kí n gbé e fún oníbàárà,
kí n sì pa ẹnu mi mọ́.

Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, lókè-Fìà níbí,
àwọn àgbà méjì kan a máa wá jókòó síwájú ẹ̀rọ wa
bí ẹni pé atẹ́gùn tútù náà wà lára owó ìfẹ̀yìntì wọn.
Bàbá Gàníyù ti rélùwéè.
Bàbá Mùdàṣírù ti ilé-iṣẹ́ irin.
Iyàn kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ lẹ́nu bí obì:
láti ọdún ọgọ́rin títí dé ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún,
ta ló mọ họ́kì í gbá jù ní Òṣogbo?

"Ọ̀ṣúntógùn ni," Gàníyù á wí. "Ológbò!
Ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀ a máa mì bí ìrù ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu."
Á yọ ìwé kékeré kan, ìwé rélùwéè, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya.
"Góòlù mọ́kànléláàádọ́ta. Ọjọ́ tó ń wọlé gan-an ni mo ń kọ ọ́."

Mùdàṣírù á rẹ́rìn-ín, á fi aṣọ nu iwájú orí tí kò làágùn.
"Mélòó nínú rẹ̀ ló gbá sí àwọn ọmọ ilé-ìwé
tí bàtà wọn tóbi jù wọ́n lọ?
Délódùn ni ká sọ. Délódùn kì í gbá góòlù wọlé;
á gbé e fún ẹni tó máa gbá a,
á wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa so okùn bàtà rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.
Ṣé ẹni tó bu ọbẹ̀ la ó kí ni, àbí ẹni tó sè é?"

"Ẹni tó bu ọbẹ̀ fún mi ni mo rí."

"Ojú ẹ ni ò ríran jìnnà."

Wọ́n á lé e lọ, wọ́n á lé e bọ̀,
títí èérún pákó á fi rin gbingbin, tí omi á máa ro, tó, tó, tó,
sínú gọ́tà. Owó bàbá mi ló ń ṣàn lọ yẹn.

Sátidé tó kọjá, Ìyá Ṣíjúwọlà ẹlẹ́ja wà níbẹ̀,
ó ń dúró de omi dídì tó fẹ́ fi tọ́jú ṣáwá rẹ̀.
Ó gbọ́, ó gbọ́, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orí àpótí,
ó ká ìró rẹ̀ sókè dé orúnkún.
Àpá kan wà lójúgun rẹ̀, ó rí roboto bí ẹnu ife.
"Ológbò yín ló ṣe èyí, ní pápá rélùwéè, níbi ìdánrawò lásán.
Kò sì rí bọ́ọ̀lù náà gbà lọ́wọ́ mi."

Ẹnu Bàbá Gàníyù là sílẹ̀, kò tètè padé.
"Ìwọ náà gbá họ́kì?"

"Àwa mọ́kànlá ni. Ẹ rò pé òǹwòran yín ni wá?
Èmi kọ́ ni mo sì ń sọ. Ọlátóún ni.
Kì í wọ bàtà. Bí bọ́ọ̀lù bá kan ọ̀pá rẹ̀, o ò ní gbọ́ ìró kankan;
bọ́ọ̀lù ò ní mọ̀ pé wọ́n ti mú òun.
Kò sẹ́ni tó kọ tiẹ̀ sínú ìwé.
Ó lọ sílé ọkọ ní Pàràkú, ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin,
ó ní òun ń bọ̀ wá mú ọ̀pá òun.
Ọ̀pá ọ̀hún ni mo fi gbé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mi ró dòní."

Gbogbo wa dákẹ́. Ẹ̀rọ nìkan ló ń kùn.
N ò mọ ohun tó sọ sí mi lórí: mo fa ìgbálẹ̀ onígi gígùn yọ,
mo fi gbá ẹ̀rún omi dídì kan tó já sílẹ̀.
Ó yọ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù, ó gba àárín bàtà àwọn àgbà,
ó fo ẹnu ọ̀nà, ó dojú títì.

"Ọwọ́ Ológbò nìyẹn!"
"Irọ́! Bí Délódùn ṣe ń ṣe é gan-an ni!"

Ìyá Ṣíjúwọlà ò dá sí wọn.
Ó bọ́ sí ẹ̀yìn mi, òórùn ẹja ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀,
ó gbé ọwọ́ òsì mi lékè igi, ó sún ọ̀tún wálẹ̀.
"Báyìí," ló wí. "Kó má mọ̀ pé o ti mú òun."